Níbo Lẹ Ti Wa Amọ̀ Ilé Yìí?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kí ẹ kọ́, ẹ ò tíì bi mí léèrè èyí tí mo ṣe. Bí mo bá ní iṣẹ́ ilé ni, ẹ ó ní, "Àṣé bíríkìlà ni Bàbá." N kì í ṣe bíríkìlà. Láti Ìlobùú dé Ìfọ́n, dé Ẹ̀rìn, títí kan Òṣogbo, kò sí ilé kan tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé Rájí ló kọ́ ọ. Ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́, tó wá ń rì, ìyẹn niṣẹ́ tèmi. Abẹ́ ilé ni mo ti jẹun, abẹ́ ilé náà ni ẹ̀yìn mi ti tẹ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á wọ́ erùpẹ̀ bò ó, ojú ẹnikẹ́ni ò sì ní kàn án mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé máa wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, kó lọ kọ́ aṣọ rírán.

Láti kékeré ni mo ti ń yọjú sí ohun tí kò kàn mí. Ògiri kan sán nínú ilé bàbá mi, mo sì máa ń ti igi ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀, kí n lè mọ ibi tó parí sí. Ìyá mi á ní, "Rájí, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Ṣé ìwọ wá ni aláǹgbá ọ̀hún ni?" Ẹ̀rín a máa pa àwọn ará ilé bó bá ti sọ ọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ògiri tó ti dúró láti ìgbà tí bàbá mi ti wà ní kékeré, kí ló dé tó jẹ́ òjò ọdún yìí ló wá là á? Mo bi bàbá mi, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mo bi mọlémọlé àdúgbò, ó ní àgbà ló dé sí i. Ìdáhùn méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì bá wọn roko títí mo fi di géńdé, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ìfọ́n tó máa ń wo ilé bí ìgbà tí èèyàn ń wo aláìsàn, mo ní kí bàbá mi mú mi lọ bá a. Bí wọ́n ṣe gbà mí, obì àti àdúrà ni, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ẹ ṣá mọ ìjà ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n. Àwọn kan lágboolé wa ní kí ló mú ọmọ Ìlobùú lọ forí balẹ̀ fún ará Ìfọ́n. Bàbá mi ní, "Ṣé ilé yín bá ń wó, ẹ ó kọ́kọ́ bi í léèrè ìlú tó ti wá ni?" Bó ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Búsàrí lorúkọ ọ̀gá mi. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan dígà. Ó kàn máa ń mú mi lọ síwájú ilé kan, á ní kí n wò ó.

"Kí lo rí?"

"Ògiri tó sán ni, Ọ̀gá."

"Afọ́jú náà á fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé ó sán. Lọ wò ó padà."

Màá padà lọ nínú oòrùn. Ó dìgbà tí mo bá tó sọ fún un pé òkè ni ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti fún, kó tó ní kí n wá jẹun. Òun ló kọ́ mi pé bí ẹnu sísán bá fẹ̀ lókè, igun ilé ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, ó sì ń fa ìyókù tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ohun kan tó kórìíra ju ìmẹ́lẹ́ lọ ni kí èèyàn sọ pé "ó jọ pé." Bí mo bá ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé ẹ̀yìn ló ń rì sí," á dá mi lóhùn pé, "Ó-jọ-pé ti pa ọmọ ẹlòmíràn, kò ní pa tèmi." Mo bẹ̀rù ọkùnrin yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbà yẹn, owó kòkó ń wọlé, òmìnira ò tíì dé, gbogbo èèyàn ló ń ṣí koríko kúrò lórí ilé tí wọ́n ń kan páànù. Páànù dára lójú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: níbo lomi ń lọ? Koríko máa ń mu díẹ̀ nínú òjò, á rọra jẹ́ kí ìyókù máa sẹ̀. Páànù ò mọ ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ló ń dà sídìí ògiri, ọdọọdún, lójú kan náà. Ilé tí kò mira lábẹ́ koríko wá bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ páànù, àwọn èèyàn ń sọ pé ọ̀tá ni. Ọ̀gá mi ní bí ọ̀tá bá wà níbẹ̀, orí òrùlé ló jókòó sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Á po amọ̀ tó kúnná, á fi lẹ ẹnu sísán náà pa bí ìgbà tí èèyàn lẹ oògùn mọ́ egbò, á sì máa lọ sílé. Bó bá padà dé tí amọ̀ náà ti là, a jẹ́ pé ilé ṣì ń rìn. Bí kò bá là, ilé ti jókòó, kò sídìí fún ariwo. Bó bá ń rìn, a ó fi igi ti ògiri àti òrùlé, a ó wá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀ pupa tó le, a ó sì fi yangí àti sìmẹ́ǹtì dí i padà. A kì í gbẹ́ ẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà. A ó gbẹ́ ibí, a ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ibí bá gbẹ tó le, a ó tó wá padà sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹni tó bá kánjú gbẹ́ gbogbo rẹ̀, sàréè ara rẹ̀ ló ń gbẹ́.

Àmọ́ kó tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ìbéèrè kan wà tó máa ń bi wọ́n nínú ilé, ìyàwó ilé tó bá dàgbà jù ló sì máa ń bi: "Ìyá, níbo lẹ ti wa amọ̀ ilé yìí?" Ẹ̀yin tí ẹ ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé ò lè mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé làwọn baba wa ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń mọlé. Kòtò á ṣẹ́kù níbẹ̀, wọn á sọ ọ́ di ààtàn. Bó bá pẹ́, ó kún, koríko hù lé e, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ò mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀ rí. Ọmọ yìí dàgbà, kò fẹ́ jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀, ló bá kọ́ tirẹ̀ lé e. Orí eérú àti èèpo iṣu ló kọ́lé sí.

Ẹ wá gbọ́ ti ilé Ìyá Rábì.

Àdúgbò wa ní Ìlobùú nibẹ̀ wà. Opó ni Ìyá Rábì, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, inú yàrá tí obìnrin náà ń sùn sí ni wọ́n sì sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe fún àgbà nígbà yẹn. Igun ilé náà ní ìlà oòrùn ń rì, ògiri ti lanu débi pé ẹ lè rí ọ̀nà láti inú ilé. Bàbá Yésúfù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni baálé. Òun ló ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ òjò. Torí baálé ló ránṣẹ́ pè é, òun ló kọ́kọ́ bi: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, níbo lẹ ti wa amọ̀ ilé yìí?"

Ojú Bàbá Yésúfù yí padà. "Búsàrí, ilé la ní kí o wá tún ṣe, àbí ààlà lo wá wò?"

"Ilé ni, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kòtò wà lábẹ́ rẹ̀ ni."

"Kò sí kòtò kankan. Ilẹ̀ líle ni gbogbo ibí, ilẹ̀ àwọn baba wa sì ni."

Ọ̀gá mi bojú wo Ìyá Rábì tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé kí n bi Ìyá wò?"

"Ìyàwó ilé ni. Kí ló kan ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀?"

Obìnrin náà dojú kọ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń kà á lọ. Nígbà tí à ń bọ̀ lọ́nà, mo ní, "Ọ̀gá, a ò mà tíì rí ìdáhùn." Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí òun bá tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á ní ìlú òun ló rán òun wá fimú fínlẹ̀. Mo rí i pé inú rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó ti ń lé ó-jọ-pé káàkiri wá lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí wọ́n-ní-pé.

Bá a ṣe gbẹ́ igun náà dé ibi tó yẹ ká ti kan ilẹ̀ pupa, dúdú la rí. A tún lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, eérú ni, àpáàdì ni, èèpo èkùrọ́ ni. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, gbogbo rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀gá mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ààtàn lèyí, Rájí. Bọ́ sókè." Mo bọ́ sókè. Òun tẹ̀ síwájú kó lè rí ibi tó parí sí, torí òun náà ò lè rí nǹkan kó má wádìí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya, igun ilé náà sì lọ.

Kò wó tán. Àwọn igi tí a fi ti òrùlé gbé páànù dúró, àmọ́ ògiri ti bo ọ̀gá mi dé ìgbáròkó. Ọwọ́ ni mo fi ń wa amọ̀, mo ń sunkún, n ò sì mọ̀ pé mò ń sunkún. Ẹnì kan bẹ́ lu inú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú bùbá funfun lọ́rùn, òun náà ń fọwọ́ wa amọ̀. Bàbá Yésúfù ni. A fa ọ̀gá mi jáde láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi, wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń to eegun.

Agbo ilé ti kún. Gbogbo àwọn ọkùnrin ilé ló ní kí wọ́n wó ìyókù, kó tó pa ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí Ìyá Rábì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ẹ̀rìn. Obìnrin náà wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó jókòó sórí ẹní.

"Ẹ máa wó o," ó ní. "Ẹ wó o lé mi lórí. Ọkọ mi ló sùn síbí yìí. Bí mo bá kírun àsúbà tán, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Ẹ fẹ́ kí n lọ kú sílé àna ọmọ mi, kí wọ́n máa wá bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n máa sin mí sí?"

Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láti orí ẹní rẹ̀. Òógùn bò ó, àmọ́ ohùn rẹ̀ dúró.

"Ìyá, ẹ dákun. Níbo lẹ ti wa amọ̀ ilé yìí?"

Ìyá Rábì jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Yésúfù. Ọkọ ló ń pè é, torí inú ilé ló bá a. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ìyàwó, o mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó jìn sí kòtò ló dùbúlẹ̀ yẹn. Ṣé ó dìgbà tó bá pé méjì?"

Bàbá Yésúfù wolẹ̀. Ìyá Rábì dìde.

"Kòtò wà níbẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo sì dí i. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé yìí, ìyàwó tuntun ló ń gbá agbo ilé láàárọ̀, inú rẹ̀ ni mò ń da ilẹ̀ tí mo bá gbá sí. Bí èèyàn bá dúró sínú rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ ò ní rí orí rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa já Rábì lẹ́nu ọmú, mo ti ń rìn kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n tó wá fa ilé gùn dé orí rẹ̀."

Ó mú igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á nílẹ̀. Kò ṣiyèméjì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ̀ lé etí kòtò tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí, ó gba abẹ́ igun tó wó, ó wọ yàrá kejì, ó yà kúrò kó tó dé yàrá tirẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti ń ti igi ìgbálẹ̀ bọ ògiri, obìnrin yìí ń yà á sílẹ̀ fún mi. Yàrá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ líle. Ó ṣeé gbà là. Àmọ́ nígbà tó fa ìlà náà jáde lódì kejì, ó dúró síwájú ògiri agbo ilé tó múlé tì wọ́n.

Bàbá Lásísì, baálé agbo ilé kejì náà, wà láàárín èrò. Ariwo ló gbé e wá. Ó rìn bọ̀, ó wo ìlà náà.

"Kòtò wa nìyí," ó ní. "Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn yá yín nílẹ̀ wa amọ̀ rí. N ò mọ ibẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó mú Bàbá Yésúfù purọ́. Bó bá ti lè sọ pé kòtò wà, ó ti sọ pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ilé òun dúró sí. Ẹ̀rù yìí ló sì fi pa ará Ìfọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ó yá," Bàbá Yésúfù ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Bàbá Lásísì kọjú sí Ìyá Rábì. "Ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè gba ilé lọ́wọ́ yín, ẹ sì sọ ọ́."

"Bí n ò bá sọ ọ́, ilé náà á ṣì lọ. Èyí tí mo sọ yìí, bóyá ẹ ó ṣàánú mi."

Ọkùnrin náà wo ẹnu yàrá rẹ̀. "Nígbà tí ọkọ yín kú," ó ní, "èmi wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sin èèyàn sí, n ò lè wá wó ilé orí rẹ̀. Ẹ tún ilé yín ṣe. Àwọn ọmọ mi á bá yín ru òkúta." Bàbá Yésúfù nawọ́ sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Orí ẹní ni ọ̀gá mi wà tó ń pàṣẹ, èmi ni mo wà nínú kòtò. Wọ́n ń gbé e wá láràárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igi, ó sì ń bú mi bó ṣe ń bú mi tẹ́lẹ̀. A kó ààtàn náà jáde lábẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀, a fi yangí àti sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀, a la ọ̀nà fún omi páànù kó gba ibòmíràn. Ìyá Rábì a máa wá jókòó ti òkìtì tí mo bá kó jáde, á máa ṣa nǹkan inú rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹnu ìkòkò kan, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní èyí tí ìyá òun fún òun wá sílé ọkọ ni, òun fọ́ ọ, òun sì yára gbé e sọnù kí ìyá ọkọ òun má baà rí i.

Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi jinná, àmọ́ ó ń tiro títí ó fi kú. Mo gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá dúró. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà látìgbà náà. Igi la fi ń gbé òrùlé tẹ́lẹ̀, jáàkì mọ́tò wá dé, ó ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́fà láìráhùn. Irin dé, búlọ́ọ̀kù dé, àwọn tó kàwé nípa ilẹ̀ dé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wa erùpẹ̀ wò, mo sì máa ń lọ dúró tì wọ́n kí n rí ohun tó bá jáde. Wọ́n kọ́ mi lóhun tó pọ̀. Ohun tí n ò kàn fẹ́ràn ni ẹni tó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, tí kò wá kí arúgbó ilé. Ẹ lo ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì kúnlẹ̀ kí wọn. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ torí pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ nǹkan. Bí kò bá sí ìyẹn nínú yín, erùpẹ̀ ló máa sú yín.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira orílẹ̀-èdè wa ni Ìyá Rábì kú. Láàárọ̀ ni, ó ti kírun tán. Bàbá Yésúfù ránṣẹ́ pè mí kí wọ́n tó wẹ òkú. Mo bá a lẹ́nu yàrá náà, òun àti àáfà. Ó ní, "Rájí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ní kí a sin òun sí. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ. Bí a bá tún gbẹ́lẹ̀ sídìí ògiri yìí, ṣé ilé ò ní wó?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní dígà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí òkúta mi parí sí àti ibi tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ fúnra mi, mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì bí àáfà ti fi hàn mí. Ilẹ̀ náà pupa, ó sì le débi pé iná ń ṣẹ́ lẹ́nu dígà. Mo wo ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Amọ̀ tí mo fi lẹ ẹnu sísán rẹ̀ ò là. Mo jáde, mo gbọn ọwọ́ mi, mo ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀." Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìyá Rábì ò kó kúrò nínú yàrá rẹ̀.